Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Mi àti Òṣùwọ̀n Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ó rọrùn láti mú jáde láàrin ènìyàn, nítorí ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, a sì ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í ka ìka ẹsẹ̀ oníka mẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ni òun fúnra rẹ̀ ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí mo bá ti fi orúkọ òun sílẹ̀, kí n sọ ìyókù bí ó ti rí, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ kúrò níbẹ̀.

Aṣọ àdìrẹ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, láti ìgbà ọmọge rẹ̀ wá. Iṣẹ́ ìjókòó ni, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó fi máa kọjá ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ ti kún, ọrùn rẹ̀ ti di ìpele ìpele, inú gbogbo wa sì dùn sí i. N kò ní purọ́: inú tèmi ni ó dùn jù. Ní ilẹ̀ wa, bí obìnrin bá sanra, a ó ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ọjà rẹ̀ ń tà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Bí ó bá rù, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbàkígbà tí mo bá ń lọ kí i, páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan ni mo máa ń gbé dání, tí mo bá sì ti wọlé ni n ó kí i pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara yín mà dá o!" Òun náà a sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni ìkúnlẹ̀. Ní ọdún Àjíǹde ti 2019, a péjọ sí ilé ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di orí àga mú, ó sì kí ìyá wa ní ìdúró. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé pé owó Ìtòkú ti wọ ẹ̀gbọ́n mi lára, kò lè fi eékún kan ilẹ̀ fún ìyá tí ó bí i mọ́. Kò pẹ́ sí i, àwọn kan nínú ìjọ wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kátíkísìmù, pé ní ibi oúnjẹ Olúwa, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kúnlẹ̀, ìdúró ni tirẹ̀. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà mú mi lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń bá agbéraga sọ̀rọ̀.

Kò dá mi lóhùn. Ó ká aṣọ sókè, ó ní kí n wo orúnkún òun. Àwọn méjèèjì ti wú, èyí tí ó wà ní ọ̀tún sì ti tẹ̀ síta bí ọrun. Ó ní ó tó ọdún mẹ́rin tí òun kò ti sun oorun àsùnmọ́jú. Ó wá fa àpò nílọ́ọ̀nù kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, oògùn oríṣiríṣi ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí ó ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn lọ́jà, tí wọ́n ń pò pọ̀ fún un, funfun, pupa, àti àwọ̀ ewé. Ọ̀kan nínú wọn ń fún un ní ìtura gidigidi. Ìgbà tí ó yá ni a tó mọ ìdí rẹ̀: irú oògùn líle tí ó ń pa ìrora lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí ó ń mú kí ebi máa pa ni, kí ojú àti ara máa wú, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì máa gòkè. Ìyẹn ni pé ohun tí ó ń lò fún orúnkún náà ń fi kún ẹrù tí orúnkún náà ń rù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà wá níbẹ̀ wo fọ́tò eegun náà ní ojú férèsé, ó wo ẹ̀gbọ́n mi láti òkè dé ilẹ̀, ó sì wí níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn aláìsàn mìíràn pé, "Mama, ẹ lọ dín oúnjẹ kù. A kò lè fi irin gbé àpò sìmẹ́ńtì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó mú ọ̀pá rẹ̀, a sì jáde. Fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn èyí kò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ dókítà létí òun.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ, mo rò ó bọ̀. Ibi tí ó burú sí kì í ṣe pé irọ́ ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, bí ẹ ó ti rí i níwájú. Ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ náà bí ẹni ju òkò, kò sì sọ bí a ti ń dín ara kù fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò lè rìn yóò máa sanra. Bí ó bá sì ti ń sanra ni rírìn yóò máa nira fún un sí i. Ẹni tí ó bá wà nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, tí a kàn sọ fún pé kí ó jáde, tí a kò fi ọ̀nà hàn án, ṣé a ràn án lọ́wọ́?

Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ó tó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, àgbà dókítà eegun kan ní ìlú mìíràn. Ọkùnrin yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsanra rárá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ohun tí ó fẹ́ kí orúnkún òun lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé ìyá mi." Nítorí ìyá wa ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni nígbà náà, ó sì ti pé ọdún kan tí àwọn méjèèjì kì í fi ojú kan ara wọn àfi bí a bá fa ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 112. Ó wọn gíga rẹ̀: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 60. Akọ̀wé ni mí, ìwé ìṣirò kò ṣàjèjì sí mi, nítorí náà mo ní kí ó jẹ́ kí èmi ṣe ìṣirò tí ó ń ṣe. A ó fi gíga ẹni ní mítà lọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n ẹni ní kílò. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 43.75. Wọ́n ní ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàrin 18.5 sí 25 kò sanra jù, kò sì rù jù; láti 30 sókè ni a ń pè ní ìsanra àsanjù; láti 40 sókè ni ó le jù. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ti gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1832. Ó yà mí lẹ́nu láti gbọ́ pé kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, kò sì fi í wá aláìsàn. Dókítà náà fúnra rẹ̀ sọ pé òṣùwọ̀n náà kò pé, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá àti iṣan, alágbára tí ń gbé irin lè jẹ́ 30 láìní ọ̀rá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan ni a gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní.

Bí ó ti ṣàlàyé orúnkún fún wa nìyí, ní èdè tí ìyá ọlọ́jà lè gbọ́. Láàrin eegun itan àti eegun ojúgun, kèrékèré kan wà tí ń dán, tí kì í jẹ́ kí eegun fi ara ha eegun. Tí a bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹrù tí ń bọ́ sórí orúnkún kì í ṣe ìwọ̀n ara wa lásán, ó máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Tí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni kèrékèré fi ń jẹ tán lára àwọn tí ó sanra ṣáájú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde ní 2005, lórí àwọn àgbàlagbà tí ó sanra tí orúnkún wọn sì ti jẹ, pé bí ènìyàn bá dín kílò kan kù nínú ara, nǹkan bí kílò mẹ́rin ni ó ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní kí a má ṣe rò pé ẹrù nìkan ni ọ̀rá jẹ́. Ọ̀rá ń tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú oríkèé wú kí ó sì gbóná, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni pé oríkèé ìka ọwọ́ àwọn tí ó sanra a máa jẹ ju ti ẹlòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè ohun tí ó ti wà ní ọkàn rẹ̀ fún ọdún méjì: "Ẹ̀yin dókítà, bí orúnkún bá ti bàjẹ́ tí irin sì wà tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, kí ló kan ọ̀rá mi níbẹ̀?"

Ìdáhùn rẹ̀ gùn, àárín rẹ̀ sì bà wá lẹ́rù. Èkíní, àwọn tí ń fún ni ní oògùn oorun. Ẹni tí ó sanra púpọ̀, tí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, mímí a máa nira fún un. Púpọ̀ nínú wọn ni èémí wọn máa ń dá dúró díẹ̀díẹ̀ nínú oorun lóru láìmọ̀, àwọn tí ń han-run kíkankíkan pàápàá. Bí a bá sì fẹ́ gún abẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara lè kú tipiri, ó ṣòro láti wá àárín eegun rí nísàlẹ̀ ọ̀rá. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, tí ó máa ń pẹ́ jù, nítorí ọ̀nà tí ọ̀bẹ yóò gbà dé eegun jìn. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró lé lórí jù ni egbò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ọ̀rá kò tó nǹkan, egbò tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tó kì í tètè jiná. Omi a máa sun níbẹ̀, kòkòrò àrùn a sì rí ọ̀nà wọlé. Bí kòkòrò bá wọ ara lásán, oògùn lè bá a níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n irin kò ní ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ó di ọ̀ràn. Ìgbà mìíràn wà tí a ní láti tún ẹsẹ̀ là, kí a yọ irin náà, kí aláìsàn wà láìní orúnkún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a tó fi òmíràn sí i. Àtọ̀gbẹ tí ó sábà ń bá ìsanra rìn tún ń dá kún ewu yìí. Bí ohun gbogbo bá sì lọ dáadáa pàápàá, ẹrù tí ó pọ̀ a máa mi irin náà, èyí tí a kàn mọ́ orí eegun ojúgun ní pàtàkì, títí yóò fi yẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ó yẹ.

Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ìdí àti orúnkún ní Amẹ́ríkà ṣe dámọ̀ràn ní 2013 pé ẹni tí iye rẹ̀ bá ju 40 lọ, kí a rò ó wò bóyá kí a sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú kí ó lè dín ara kù. Dókítà wa kò fi ara mọ́ kí a sọ ọ́ di òfin. Ó ní ẹni tí ó sanra tí a ṣe orúnkún fún ń rí ìtura gbà bí ẹni tí kò sanra, ìrora rẹ̀ ń lọ, ó sì ń padà rìn. Bí a bá ti gbogbo wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ni yóò jókòó sínú ìrora títí ayé fún ewu tí ì bá má ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, kò sì mọ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án títí ṣúgà náà yóò fi wálẹ̀, bí kílò 15 bá sì lè kúrò, inú òun yóò dùn. Mo ṣí ìwé mi. Ìlọ́po mẹ́rin 15 jẹ́ 60. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Mo fi hàn ẹ̀gbọ́n mi, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, "Ó mà ju àpò kan lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó tún dárúkọ sìmẹ́ńtì láti ọjọ́ yẹn.

Òṣùwọ̀n kan ni a rà sí ilé rẹ̀, mo sì fi ìwé ìṣirò kan lélẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó ń wọn ara rẹ̀. A kó gbogbo oògùn abẹ́ ìrọ̀rí fún dókítà, nítorí ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi já a kúrò nínú rẹ̀. Páálí ohun mímu mi dópin ní ọjọ́ náà. Kò fi ebi pa ara rẹ̀, nítorí dókítà kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ebi dín ara kù kò ní ní ohun tí egbò yóò fi jiná. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ó pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, àmàlà sì wá di ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Nítorí pé kò lè rìn jìnnà, ó ń na ẹsẹ̀ síwájú lórí àga ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàrin oníbàárà kan àti èkejì.

Ẹnu ayé ni ó ṣòro jù ebi lọ. Bí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkú. Àwọn kan ní ó ní àrùn tí kò gbóògùn. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá owó oúnjẹ ni kò sí. Ẹnìkan tilẹ̀ wá bá a kẹ́dùn, ó rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí pé òun fẹ́ ṣíwọ́, pé ọlá òun ni wọ́n ń wò tí ó ń yọ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi tí mo ti fi ìsanra yẹn kí i fún ogún ọdún, ẹnu wo ni n ó fi bá a wí? Mo jókòó tì í, a jọ jẹ ẹ̀wà náà.

Ìwé ìṣirò náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Kò lọ tààrà. Ní Kérésìmesì 2022 kílò mẹ́ta padà wọlé. Nínú oṣù kejì 2023, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni 97. Ìṣirò Quetelet sì ti di 37.9.

Ní oṣù kẹsàn-án ni a ṣe orúnkún ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti gbé e dìde lórí igi ìrìn, ó sì tẹ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, egbò náà kò tètè gbẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni omi fi ń sun níbẹ̀. N kò sùn ní àwọn òru wọ̀nyẹn. Mo ń ro irin tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Mo tún ń ro ọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tí ọ̀kadà dá ní itan, tí ó sanra púpọ̀, tí apá rẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ lórí ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé orí ibùsùn ni ó wà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi di egbò. Ní ọjọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì tú aṣọ egbò náà, ó sì gbẹ.

Ọdún Àjíǹde 2024 ni mo fẹ́ parí sí. A wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ ìyá wa, ojú rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ràn. Ìró ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ kan le, èkejì ń wọ́. Ìyá wa gbé orí sókè. "Ẹsẹ̀ ta ni mo ń gbọ́ yẹn?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ní ẹnu ọ̀nà, òógùn bò ó, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Dókítà ti sọ fún un pé kíkúnlẹ̀ lórí irin náà kì í sábà rọrùn, orúnkún òsì rẹ̀ sì wà bí ó ti wà, ó ṣì ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Ó tẹ ọ̀tún dé ààbọ̀. Ìyá wa na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Dìde, dìde, Àbẹ̀kẹ́. Wá jókòó síbí," àwọn ìyàwó ilé sì sún lórí ẹní.